Àlejò Tí A Kò Jẹ́ Kó Rí Èéfín

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejì oṣù kẹfà

Wọ́n fún mi ní ìwé yìí ní ìlú Xela lónìí pé kí n máa kọ iṣẹ́ ẹ̀rọ sí i. Iwájú ìwé jẹ́ ti ẹ̀rọ. Ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ tèmi, Hilaria Temaj, ẹni tí ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ dára jù ní gbogbo abúlé Tuiwitz. Èmi kọ́ ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Ẹnjiníà Urízar tó gbé iṣẹ́ náà wá ló sọ ọ́ lójú gbogbo èèyàn, ó ní kí àwọn yòókù wá wo bí obìnrin tó ka ìwé dé kíláàsì kẹfà péré ṣe ń kọ nọ́ńbà.

Iṣẹ́ náà rèé. Àpótí funfun méjìlá, tí kò tóbi ju búrẹ́dì kan lọ, tó ń fa afẹ́fẹ́ sínú tó sì ń ka ìdọ̀tí tó wà nínú rẹ̀. Méjìlá míràn wà fún àwọn ilé tó wà lẹ́bàá Terminal, ibùdókọ̀ ńlá ní Xela, níbi tí bọ́ọ̀sì ti ń tú èéfín dúdú sí ọmọ èèyàn lójú. Ibi tí afẹ́fẹ́ bá ti burú jù ni wọn yóò gbé nọ́ọ̀sì ẹ̀dọ̀fóró sí, pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń fún èèyàn ní afẹ́fẹ́ mí. Ọ̀kan ṣoṣo ni. Èmi ti mọ ibi tó ń bọ̀. Màmá mi kò lè ti ibi ìsun omi gun òkè dé ilé mọ́ láì dúró lẹ́ẹ̀mẹrin.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrin

Mo pe àwọn obìnrin ilé méjèèjìlá tí orúkọ wọn jáde jọ síwájú ṣọ́ọ̀ṣì. Ilé Màmá kò sí lára wọn. Xela ni wọ́n ti fa orúkọ bí ìgbà tí wọ́n ń ta tẹ́tẹ́, Màmá sì ti ń bínú láti àná. Mo ṣàlàyé fún wọn pé ẹ̀rọ náà yóò wà lára ògiri ilé ìdáná fún ọjọ́ mẹ́jọ, kí ẹnikẹ́ni má tú u, kí ọmọdé má fi ṣeré. Macaria aládùúgbò wa, ẹni tí kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ kọjá lẹ́bàá òun lásán, bèèrè bóyá ẹ̀rọ yìí máa lọ ròyìn ohun tó bá rí nílé wa fún ará Xela. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo rí i pé ojú ń tì wọ́n, ni mo bá fi tèmi kún un, ohun tí Ẹnjiníà kò rán mi:

“Ẹ ṣe é bí ẹ ṣe ń ṣe àlejò. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n rí nǹkan tí wọ́n á fi máa ṣe yẹ̀yẹ́ wa ní ìgboro.”

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Ọ̀rọ̀ náà dùn lẹ́nu èmi fúnra mi.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ karùn-ún

Mo ti so méjèèjìlá. Òjò láti ọ̀sán. A jẹ paches, ọ̀dùnkún lílọ̀ tí a dì sínú ewé, bí a ṣe ń jẹ ẹ́ ní gbogbo Ọjọ́bọ̀. Màmá ló sè é. Ó jókòó lẹ́ẹ̀mejì kó tó parí.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkànlá

Ikọ́ Màmá kò jẹ́ ká sinmi. Kì í ṣe ikọ́ òtútù. Ó ti ń bá a bọ̀ láti ọdún mẹ́ta, àyà rẹ̀ á máa súfèé bí omi tó fẹ́ hó. Mo ní ká lọ sí Xela. Ó ní òun kò lọ, mo sì mọ ìdí. Ní èṣí, dókítà kékeré kan níbẹ̀ bi í pé sìgá mélòó ló ń mu lójúmọ́. Màmá mi, tó jẹ́ pé bí ọkùnrin bá tan sìgá lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, omi ló máa dà sí i! Ó ní òun kò mu sìgá rí. Dókítà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn ṣe máa ń sọ, ó sì kọ nǹkan sí káàdì. Látìgbà yẹn ni Màmá ti sọ pé tó bá jẹ́ pé Xela nìkan ni afẹ́fẹ́ wà láyé, ilé ni òun yóò kú sí.

Màmá kì í yí ọ̀rọ̀ padà. Nítorí náà, àfi kí nọ́ọ̀sì wá bá a níbí.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹtàlá

Ẹ̀rọ méjìlá ló jáde, méjìlá ló wọlé. Kò sí èyí tó sọnù, kò sí èyí tó fọ́. Aṣọ híhun tí a fi ń bo búrẹ́dì ọdún ni àwọn obìnrin wa fi dì í wá, ọ̀kọ̀ọ̀kan funfun bí ẹyin. Mo gbé e dé Xela lónìí kan náà. Ẹnjiníà Urízar ní láti ìgbà tí òun ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, kò sí abúlé tó dá ẹ̀rọ padà ní mímọ́ tó báyìí. Ní Terminal, ọ̀kan ti sọnù, ajá sì ti jẹ okùn òmíràn.

Orí mi wú. Nígbà tí ọkọ̀ já mi sílẹ̀ nísàlẹ̀, mi ò mọ̀ pé òkè ni mò ń gùn títí mo fi délé.

Ọjọ́rú, ọjọ́ karùndínlọ́gbọ̀n

Èsì jáde. Bí nọ́ńbà bá ṣe ga tó ni afẹ́fẹ́ ṣe burú tó. Terminal: 64. Tuiwitz: 31.

Ẹnjiníà fúnra rẹ̀ ló gbé e wá, ó sì kí wa kú oríire afẹ́fẹ́ orí òkè. Tat Eusebio, ìyẹn Bàbá Eusebio, olórí abúlé wa, gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e lọ sídìí ẹ̀rọ gbohùngbohùn ṣọ́ọ̀ṣì, ó kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ní kí gbogbo ayé gbọ́ pé ìmí àwa tí wọ́n ń pè ní ará oko mọ́ ju ti àwọn tó ń wọ bàtà dídán lọ. Wọ́n yin bàńgà, ó ń dún bí ìbọn. Nọ́ọ̀sì ń lọ sí Terminal.

Mo délé, Màmá jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ibi ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ó ní, “A jẹ́ pé kò sí ohun tó ń pa mí nìyẹn.”

Mo wọlé lọ fẹ́ná.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò lára mi. Mo jí, mo wo àjà ilé ìdáná wa, ó dúdú ju inú ìkòkò lọ. Báwo ni 31 ṣe lè ti abẹ́ irú àjà yìí jáde? Mo lọ sílé Macaria. Tirẹ̀ náà dúdú. Mo bi í bóyá ó gbé ẹ̀rọ náà kúrò níbi tí mo so ó sí. Ó nawọ́ sí ìṣó tí mo kàn fúnra mi, lókè ààrò. Mo wá bi í bóyá ó dáná ní ọjọ́ mẹ́jọ yẹn.

“Kí n dáná fún àlejò lójú?” Macaria ní. “Èmi tí ìyá mi kọ́ lẹ́kọ̀ọ́? Àgbàlá ni mo wà pẹ̀lú ààrò mi, lábẹ́ ọ̀rá, ọjọ́ mẹ́jọ gbáko, òjò ń na ẹ̀yìn mi. Mo tiẹ̀ gbá ilé ìdáná lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ fún un.”

Mo lọ sílé kejì. Ó ti gbé e kúrò lára ìṣó, ó gbé e síwájú ẹni mímọ́ nínú yàrá, ó fi òdòdó sí i. Ilé kẹta, ó fi aṣọ ìgbéyàwó rẹ̀ bò ó kí eruku má bàa wọ inú rẹ̀. Bí mo ṣe lọ káàkiri ilé méjìlá nìyẹn. Kò sí ọ̀kan tó jẹ́ kí èéfín kan àlejò lójú. Mo rẹ́rìn-ín nílé Macaria, mo rẹ́rìn-ín nílé kejì. Nígbà tí mo máa fi dé ilé kẹfà, ẹkún ni mò ń sun.

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹnìkan kò rán mi pé kí n sọ̀rọ̀ àlejò. Èmi ni mo fẹ́ kí Tuiwitz dára lójú Xela, ó sì ti dára báyìí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Bí mo bá sọ ọ́, mo ti dójú ti Tat Eusebio pẹ̀lú bàńgà rẹ̀, wọ́n á pe àwọn obìnrin wa ní onírọ́, wọn ò sì ní pè mí síṣẹ́ mọ́ láyé. Bí mi ò bá sọ ọ́, mo mọ ẹni tó máa san án. Ó wà níwájú mi níbí, ó ń ṣa ẹ̀wà, ó ń sinmi láàárín ọwọ́ kan sí èkejì.

Ọjọ́ Ajé, ọgbọ̀n ọjọ́

Òjò. Owó igi gbígbẹ ti di àádọ́ta quetzal fún ẹrù kan. Igi tútù ni gbogbo wa fi ń dáná.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejì oṣù keje

Mo lọ sí Xela. Wákàtí mẹ́rin lórí ìjókòó ọkọ̀ akẹ́rù, torí ilẹ̀ ya bo ọ̀nà. Ọ́fíìsì Ẹnjiníà Urízar kò jìnnà sí Terminal, èéfín bọ́ọ̀sì wọlé tọ̀ wá bí ẹni tó ní ilé. Mo sọ gbogbo rẹ̀: ọ̀rá, òdòdó, aṣọ ìgbéyàwó. Ó fọwọ́ lérán.

“Hilaria, ta ló ní kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀?”

“Èmi ni, Ẹnjiníà.”

Ó ṣí báàgì rẹ̀, ó yọ ike búlúù kékeré kan, irú èyí tí ọmọ oníkọ́ fée ń fà sẹ́nu kó lè mí. Ó ní ti ọmọ òun ni, ọmọ ọdún méje, ilé wọn kò ju òpópónà méjì lọ sí Terminal. Mo bi í bí wọ́n ṣe ń ṣe nígbà tí ike kò bá ràn án lọ́wọ́. Ó ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni wọ́n fi ń dé ilé ìwòsàn. Mo ní tiwa jẹ́ wákàtí mẹ́rin bí òjò bá rọ̀. A wo ara wa. Mo mọ ohun tí mo ń bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀, òun náà mọ̀ ọ́n.

Ó ní ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n ni wọn yóò pa ìwé dé lórí ibi tí nọ́ọ̀sì ń lọ. Ó ní ẹ̀rọ kan kù, èyí tó ń fi nọ́ńbà hàn lójú ara rẹ̀. Kí n lọ wá ilé mẹ́fà, ọjọ́ kọ̀ọ̀kan fún ilé kọ̀ọ̀kan, kí onílé fọwọ́ sí i pé bí òun ṣe ń dáná lójoojúmọ́ náà ni òun dáná. Kí èmi náà fọwọ́ ara mi kọ ọ́ pé mo ṣàṣìṣe, kí ó lè fi sínú ìwé. Mo kọ ọ́ níwájú rẹ̀. Ìtìjú fẹ́ pa mí, ṣùgbọ́n ìwé náà gún régé, mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹfà

Ìpàdé lẹ́yìn ìsìn. Mo dúró, mo jẹ́wọ́, mo ṣàlàyé. Tat Eusebio kò jẹ́ kí n parí. Ó ní òun ti kà á sétí àwọn abúlé mẹ́ta tó yí wa ká pé a mọ́, ṣé ìwọ̀nba iyì tí a ní yìí náà ni mo fẹ́ fi lé wọn lọ́wọ́? Macaria ní ilé ìdáná òun kò dọ̀tí, ẹni tó bá sọ pé ó dọ̀tí kó wá sọ ọ́ lójú òun. Mo bèèrè ilé mẹ́fà. Kò sí ọwọ́ tó gòkè. Mo ka ogójì obìnrin níbẹ̀, gbogbo wọn ń wo ẹsẹ̀ ara wọn.

Ni Màmá bá dìde lẹ́yìn. Àgbà kì í wà lọ́jà, kórí ọmọ tuntun wọ́. Ó di ìjókòó iwájú rẹ̀ mú, gbogbo ilé dúró kí èémí rẹ̀ bọ̀ sípò. Ó pẹ́ kó tó bọ̀.

“Láti ọmọ ọdún méje ni mo ti ń dáná,” Màmá ní. “Eusebio, ta ló se oúnjẹ ìgbéyàwó rẹ?”

Tat Eusebio ní, “Ẹ̀yin ni, Nan Bonifacia, ìyá wa.”

“Ṣé ilé ìdọ̀tí ni mo ti sè é?”

“Rárá o, ìyá.”

“Èéfín kì í ṣe ìdọ̀tí. Iṣẹ́ ni. Iṣẹ́ tí mo ṣe náà ló wà láyà mi yìí, dókítà kan sì kọ ọ́ pé sìgá ni. Mi ò fẹ́ kú sórí orúkọ sìgá. Ẹ gbé ẹ̀rọ náà wá sí ilé ìdáná mi. Màá dáná bí mo ṣe ń dáná.”

Ó jókòó. Súfèé àyà rẹ̀ dé iwájú pẹpẹ níbi tí mo dúró sí. Ọwọ́ márùn-ún gòkè lẹ́yìn náà, ti Macaria ló kẹ́yìn. Màmá mi nìyẹn. Kí ẹni tó ní ìyá jáde kó wá fi tirẹ̀ wé e.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹjọ

Ilé ìdáná Màmá. Mo ní kí n bá a dáná, ó lé mi jáde, ó ní òun ti fọwọ́ sí ìwé. Igi tútù, ó fi ọ̀rá díẹ̀ tàn án bí gbogbo wa ṣe ń ṣe lásìkò òjò. Mo ń wo ojú ẹ̀rọ láti ẹnu ọ̀nà. 120. 300. 680. Nígbà tó gbé àwo amọ̀ ka iná láti yan tòtíyà, oúnjẹ àgbàdo pẹlẹbẹ tí a ń jẹ lójoojúmọ́, ó di 999, ó sì dúró.

Ó bi mí láti inú èéfín bóyá ìyẹn pọ̀. Mo ní ibi tí ẹ̀rọ lè kà á dé nìyẹn, kò lè kà jù bẹ́ẹ̀.

“Ó tán lẹ́nu rẹ̀?” Màmá ní.

“Ó tán, Màmá.”

Ó jáde wá, ó ń wúkọ́, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rù bà mí, inú mi sì dùn, lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kọkànlá

Nǹkan ti yí padà. Gbogbo abúlé ti gbọ́ pé Nan Bonifacia fi èéfín pa ẹ̀rọ lẹ́nu mọ́. Láàárọ̀ àná ni Macaria ti dúró síwájú ilé wa, ó ní kí n gbé ẹ̀rọ wá ká tètè mọ̀ ọ́n. Tirẹ̀ jẹ́ 870. Ojú rẹ̀ fà ro. Ó ní igi òun ló gbẹ jù, ó ní kí n padà wá lọ́la, òun á se paches fún gbogbo ẹbí. Mo ní ìwé tó fọwọ́ sí sọ pé “bí mo ṣe ń ṣe lójoojúmọ́.” Ó pè mí ní olóòótọ́ burúkú.

Nídìí omi, nọ́ńbà ni wọ́n fi ń bú ara wọn. Ẹni tó gba 410, wọ́n ní oúnjẹ tútù ni ọkọ rẹ̀ ń jẹ sùn. Àwọn tí kò fẹ́ nawọ́ ní Ọjọ́ Àìkú ti ń bẹ̀ mí báyìí. Tat Eusebio fúnra rẹ̀ pè mí sí kọ̀rọ̀, ó ní ṣé ó yẹ kí ilé olórí abúlé má ní nọ́ńbà rárá. Mo ní ilé mẹ́fà ti pé. Ó ní kí n rò ó.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìnlá

Ilé kẹfà, ti Florinda. Ọmọ rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ní òkèèrè níhà àríwá fi owó ránṣẹ́ ní ọdún méjì sẹ́yìn, wọ́n kọ́ ààrò oníbíríkì fún un, tó ní páìpù tó gba òrùlé jáde. 92. Florinda bo ojú rẹ̀, ó ní kí n má kọ ọ́, wọ́n á ní òun kì í dáná. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà mo jókòó tì í títí ó fi parí, mo wá ṣàkíyèsí pé kò sí ẹni tó wúkọ́ nínú ilé yẹn. Ọmọ-ọmọ mẹ́rin, kò sí ọ̀kan tó wúkọ́. Mo kọ ọ́ síwájú ìwé, mo sì fa ìlà méjì sábẹ́ rẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejìdínlógún

Màmá kò lè dùbúlẹ̀. Láti àárọ̀ ló ti jókòó, ètè rẹ̀ ti ń di dúdú. Òjò ti gbé ọ̀nà lọ lódindi, kò sí ọkọ̀ tó lè gòkè tàbí sọ̀ kalẹ̀, kódà ká ní ó gbà láti lọ. Mo fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ títí ọwọ́ mi fi kú. Ẹ̀rù ń bà mí pé nọ́ọ̀sì á dé bá ibojì.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kọkàndínlógún

Ó sàn díẹ̀. Ó bú mi pé mo jẹ́ kí ẹ̀wà jóná.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìlélógún

Mo fẹsẹ̀ kọjá ibi tí ilẹ̀ ya, ẹrẹ̀ dé orókún mi, mo gbé ẹ̀rọ àti ìwé sórí. Mo dé Xela bí ẹni tí wọ́n yọ nínú odò. Ẹnjiníà ka nọ́ńbà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ní kì í ṣe òun ló máa kà á fún àwọn ọ̀gá, èmi ni.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n

Mo wọ blúùsì híhun tí Màmá hun fún mi ní ọdún tí mo ṣègbéyàwó. Àwọn ọ̀gá ní Xela: ọkùnrin mẹ́rin, obìnrin méjì, tábìlì gígùn. Mo kọ́kọ́ ka àṣìṣe mi fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Wọ́n rẹ́rìn-ín nígbà tí mo dé ibi aṣọ ìgbéyàwó, mo sì jẹ́ kí wọ́n rín in tán. Lẹ́yìn náà ni mo ka nọ́ńbà. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín mọ́.

Ọkùnrin kan tó wọ awò ojú ní òun fẹ́ bèèrè nǹkan kan, kí n má bínú. Lákọ̀ọ́kọ́ a fi èéfín pamọ́. Báwo ni òun ṣe máa mọ̀ pé a kò fi kún un lẹ́ẹ̀kejì? Ìbéèrè náà dára, èmi náà ìbá bèèrè rẹ̀. Mo sọ fún un pé wọ́n fẹ́ fi kún un lóòótọ́, pé obìnrin kan kò bá mi sọ̀rọ̀ títí dòní torí mo kọ̀ fún un. Mo ní kó wo nọ́ńbà tó kẹ́yìn. Bó bá jẹ́ irọ́ ni mo wá pa, kí ni 92 ń ṣe níbẹ̀? Mo ní ilé yẹn nìkan ló ní páìpù, ilé yẹn nìkan ni kò sí ikọ́.

Obìnrin kan ní àwọn ọmọ ìgboro náà ń wúkọ́. Mo ní mo mọ̀, mo ti rí ike wọn.

“Mi ò wá gba nǹkan lọ́wọ́ ọmọ ẹnikẹ́ni,” ni mo sọ fún un. “Afẹ́fẹ́ tiyín burú, tiwa burú jù ú lọ. Ṣùgbọ́n bí ọmọ yín bá wúkọ́, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló fi ń dé ọ̀dọ̀ dókítà. Bí màmá mi bá wúkọ́, òkè ló máa gùn.”

Mi ò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn ti wá. Mo kó ìwé mi jọ, mo jókòó.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrin oṣù kẹjọ

Ẹnjiníà Urízar pè mí lórí fóònù. Nọ́ọ̀sì ń bọ̀ wá sí Tuiwitz. Mo bi í nípa Terminal. Ó ní wọn yóò máa lo ilé ìwòsàn bí tẹ́lẹ̀, òun sì ti kọ ìwé míràn nípa bọ́ọ̀sì. Ohùn rẹ̀ kò rẹlẹ̀. Mo dúpẹ́ títí fóònù fi já.

Tat Eusebio ti wà nídìí ẹ̀rọ gbohùngbohùn kí n tó yí ẹ̀yìn padà. Ó ní kò sí abúlé tó ní èéfín tó tiwa ní gbogbo òkè yìí. Wọ́n tún yin bàńgà.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìnlá

Nọ́ọ̀sì dé. Delfina Aguilón lorúkọ rẹ̀, èdè Mam wa ló ń sọ, kò sí pé ẹnìkan ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ fún ẹnìkan. Àwọn èèyàn ti tò kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Wọ́n yà síbi kan fún Màmá láìjẹ́ pé ẹnìkan sọ fún wọn.

Nọ́ọ̀sì fi ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ sí i nímú. Mo ń wo ètè Màmá. Ó kúrò ní dúdú, ó wá pupa díẹ̀díẹ̀, mi ò tíì rí i bẹ́ẹ̀ láti ọdún méjì. Ó mí sínú, ó mí síta, kò súfèé. Ó wò mí bí ẹni pé èmi ni mo ti fi irú èémí yìí pamọ́ fún un láti ọjọ́ yìí.

Nọ́ọ̀sì fetí sí ẹ̀yìn rẹ̀ pẹ́. Kò fi ọ̀rọ̀ pamọ́. Ó ní, “Nan, ohun tó ti bàjẹ́ nínú ẹ̀dọ̀fóró yín kò ní padà. Ṣùgbọ́n ẹ lè lo ọdún púpọ̀ sí i, bí ẹ kò bá tún wọ inú èéfín mọ́. Kì í ṣe díẹ̀díẹ̀ ni mo wí. Ẹ má dé ìdí ààrò mọ́ rárá.”

Mo dúró kí Màmá bú u. Ó kàn ń yí ọwọ́ rẹ̀ lórí ara wọn ní itan.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Màmá gbá àgbàlá lẹ́ẹ̀mẹta.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Tat Eusebio àti àwọn ọkùnrin mẹ́ta gbé páìpù wá lánàá, wọ́n lu òrùlé, wọ́n sì fi bíríkì yí ààrò ká bíi ti Florinda. Lónìí èmi ni mo dáná. Màmá gbé àga sẹ́nu ọ̀nà, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, ó sì ń pàṣẹ fún mi láti ibẹ̀. Omi pọ̀. Omi kéré. Kí n má fi ìka tẹ ẹ́ bí ẹni ń tẹ amọ̀.

Tòtíyà àkọ́kọ́ wú lórí àwo. Nílé wa, ti àkọ́kọ́ jẹ́ ti ọkùnrin, tó bá kù ó di ti ọmọdé, ẹni tó ń yan án ló ń jẹ ìkẹyìn, èyí tó ti tutù tó sì fàya. Mo mú un kúrò lórí iná, mo jáde, mo fi í sí àtẹ́lẹwọ́ Màmá. Ó gbóná débi pé ó ń gbé e láti ọwọ́ kan sí èkejì.

Ó wò ó pẹ́. Ó ní, “Ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́ta. Mi ò jẹ àkọ́kọ́ rí.”

Ó jẹ ẹ́ láì bu iyọ̀ sí i, láì mú ẹ̀wà. Ó jẹ ẹ́ tán, ó nu ẹnu rẹ̀. Ó ní ó nípọn díẹ̀, ó sì na ọwọ́ fún èkejì.